Kétu, Air Afrique àti Títún Ohun Tó Wó Gbé Dìde

Ìlú tó wó ṣeé tún tẹ̀ dó, bí ẹni tó mọ bí ó ti rí bá ṣì wà láàyè. Kétu fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì pa ìlú náà run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ nígbèkùn. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé gba Abomey ní 1892, àwọn tí ikú kò pa padà sílé. Nígbà tí ó fi di 1894, Alákétu tún ti wà lórí ìtẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ògiri, ṣùgbọ́n ìrántí ni wọ́n fi tún ìlú tò: ìdílé ọba márùn-ún tí oyè ń yí ká láàárín wọn, ojúṣe olóyè kọ̀ọ̀kan, àti ètò ìfọbajẹ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń ṣe lónìí fún ohun àjùmọ̀ní mìíràn tó ti wó. Ní 28 oṣù Kẹta ọdún 1961, orílẹ̀-èdè 11 tó gba òmìnira ní 1960 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Yaoundé láti dá Air Afrique sílẹ̀. Dahomey, tí í ṣe Bẹ̀nẹ̀ òní, wà lára wọn. Ìpín 6 nínú 100 ni ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ Faransé ni wọ́n ni 34 tó kù. Láti Cotonou ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ti ń gbé èrò lọ sí Abidjan, Dakar àti Paris.

Kò sí ogun tó jó ilé náà. Gbèsè ni. Nígbà tí iye owó CFA já sí ìdajì ní oṣù Kìíní ọdún 1994, gbèsè tí a jẹ ní owó òkèèrè di ìlọ́po méjì. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé.

Lórí kọ̀ǹpútà ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ti ń jí i dìde. Nínú àwọn ètò àfarawé bíi Microsoft Flight Simulator, wọ́n ń kun DC-8, DC-10 àti Airbus ní funfun àti àwọ̀ ewé, pẹ̀lú àmì orí egbin. Wọ́n ń wá ìwé àkókò ìrìnàjò àtijọ́, wọ́n sì ń tọ ojú ọ̀nà náà gan-an láti Cotonou.

Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ògiri ni. Ohun tó jẹ́ ìlú nínú rẹ̀, ìyẹn bí orílẹ̀-èdè 11 ṣe jókòó yí àwo kan ká àti ohun tó tú wọn ká, wà lẹ́nu àwọn awakọ̀, àwọn atúnkọ̀ṣe àti àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1961 ti lé ní 80 báyìí. Bí àwọn tó padà sí Kétu kò bá sọ ohun tí wọ́n mọ̀, òkìtì àlàpà ni ọmọ wọn ìbá jogún. Kí ọmọ Kétu tó ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé bi í léèrè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ohùn ṣì wà lọ́fun rẹ̀.