Ojú Títì Ni Pápá Kétu

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ BRT ní Mile 12, tó gba Kétu àti Ọjọ́ta kọjá, yóò rin nǹkan bíi kìlómítà 22 kó tó bọ́ sílẹ̀ ní CMS. Láti oṣù Kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ náà ti ń ná ọ̀nà yìí. Pápá ìṣeré ńlá tó lórúkọ kò ní í yọ sí i títí yóò fi dé Sùúrùlérè, níbi tí National Stadium àti pápá Teslim Balogun ti múlé gbe ara wọn. Láti CMS, ẹsẹ̀ lásán ló máa fi rìn dé Oníkàn, níbi tí bọ́ọ̀lù Èkó ti ní ilé tirẹ̀ láti ayé òyìnbó. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà yìí ni ìtàn eré ìdárayá Èkó kó sí. Òkè ọ̀nà, níbi tí Kétu wà, kì í sí nínú ìtàn ọ̀hún. Kì í ṣe pé eré kò sí níbẹ̀. Ibi ìwòran la fi ń ṣe òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ibi ìṣeré ló ń bí eré.

Ìdí tí àwọn pápá náà fi kó jọ sí apá kan kò ṣòro láti mọ̀. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ní iṣẹ́ àti ilẹ̀ ló ń ní pápá. Ìjọba ní ibi ìje ẹṣin rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, ó sì fi orúkọ Ọba George Karùn-ún sọ pápá Oníkàn, èyí tí à ń pè ní Mobolaji Johnson Arena lónìí. Àwọn gbajúmọ̀ dá Yoruba Tennis Club sílẹ̀ ní 1926. Nnamdi Azikiwe dá Zik's Athletic Club sílẹ̀ ní Yábàá ní 1938. Nígbà tí ìdíje ife-ẹ̀yẹ Gómìnà, tí a wá mọ̀ sí Challenge Cup, bẹ̀rẹ̀ ní 1945, ẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ ló gbawájú, àwọn bíi Railway àti Marine. Stationery Stores náà, tí Israel Adebajo dá sílẹ̀ ní 1958, owó ilé-iṣẹ́ ló ń gbé e ró. Kétu kò ní irú baba ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abúlé lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú ni nígbà náà, Mile 12 tó wà níwájú rẹ̀ kò sì ju òǹkà máìlì lọ. Nígbà tí èrò wá ya dé, tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn sì ṣí ní 1978, ọjà àti ilé gbígbé ni wọ́n bá wá, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ọjà Mile 12 ló ń fi tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu bọ́ apá tó pọ̀ nínú Èkó. Ṣùgbọ́n aláta kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnì kan. Kò sí ọ̀gá tí yóò ra jẹ́sì fún alábàárù, tàbí tí yóò gé ilẹ̀ fún ọmọ ìyá olóńjẹ, gẹ́gẹ́ bí Railway ti ṣe fún àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Wọ́n lè bi mí pé ṣé ti gbogbo Èkó kọ́ ni National Stadium Sùúrùlérè. Tiwa ni lóòótọ́, ìyì rẹ̀ kò sì kéré lójú mi. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1972 fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 1973. Ibẹ̀ ni Sẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti jẹ gọ́ọ̀lù méjì, tí Múdà Lawal fi ẹyọ kan kún un, tí a fi fi 3-0 gba ife Áfíríkà lọ́wọ́ Àlgéríà ní 1980. Ibẹ̀ náà ni agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, Samuel Okwaraji, ṣubú sí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, tí kò dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tí àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ti kọ́ ọ. Henry Nwosu, tó wà nínú ikọ̀ 1980 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, àti Stephen Keshi, balógun ikọ̀ tó gba ife náà ní 1994, orí pápá St. Finbarr's ní Akọ́ka ni àwọn méjèèjì ti jáde, ilé-ẹ̀kọ́ tí àlùfáà Denis Slattery dá sílẹ̀ ní 1956. Pápá ilé-ìwé ni, kì í ṣe pápá ìwòran. Ẹ tún wo Fúnkẹ́ Ọ̀ṣọ́náìkẹ́, ọmọ Ṣómólú, tó lọ sí Òlíńpíìkì ní ìgbà méje láti 1996 títí dé Tokyo. Tábìlì kan láàárín ilé sí ilé tó fún eré tẹníìsì orí tábìlì, ìdí rèé tó fi rọrùn fún un láti ta gbòǹgbò ní àdúgbò tí ilẹ̀ ti há. Ọmọ tó wà ní Kétu kò lè máa wọkọ̀ lọ sí Sùúrùlérè lẹ́yìn ilé-ìwé kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibi tó bá lè fẹsẹ̀ rìn dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ni pápá tirẹ̀.

Ohun kan náà ni pápá Teslim Balogun fi yé ni. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ lọ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó lọ ní 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1984, ó sì di 2007 kí wọ́n tó ṣí i. Ọmọ ọdún méje tó rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún. Bọ́ọ̀lù Èkó kò dúró dè é.

Ibi tí wọ́n ti gbá a ni ojú títì. Ní òpópónà Kétu, Ìkòsì àti Alápẹrẹ, òkúta méjì ni òpó, ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì ló sì wà láàárín wọn. Èyí ni wọ́n ń pè ní mọ́ńkì pósì. Kò sí aṣọ́lé, nítorí ẹnu gọ́ọ̀lù ti kéré jù. Bọ́ọ̀lù félélé ló wọ́pọ̀; ó fúyẹ́, kì í tètè fọ́ gíláàsì. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá nà ló ń jáde, òmíràn tó ti ń dúró lẹ́bàá gọ́tà á sì wọlé. Ìlànà tó mú ọmọ dúró dé àyè tirẹ̀ láìsí rẹfirí ni, mo sì ka irú èyí sí àṣà eré tó jinlẹ̀ ju tíkẹ́ẹ̀tì àti àga lọ. Títì ńlá náà ní àwọn ọjọ́ tirẹ̀. Títí wọ́n fi fòpin sí i ní 2016, ọkọ̀ kì í rìn láàárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù nítorí ìmọ́tótó; bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ìdìbò. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì lórí owó epo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2012, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ pé jọ ní ọgbà Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta, tí kò jìnnà sí Kétu, àwọn ọ̀dọ́ sì sọ àwọn títì tí mọ́tò ti kúrò di pápá. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ìsénimọ́lé kòrónà láti ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Ilẹ̀ ṣófo, bọ́ọ̀lù sì dé. Bí ebi ibi ìṣeré ṣe ń pa ìlú tó hàn níbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ilẹ̀ Èkó ti wọ́n, pé ìlú tó kún fọ́fọ́ kò lè fi sáré ilẹ̀ sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Nígbà tí Gómìnà Jakande ń fi kíákíá kọ́ yàrá ìkàwé láti 1979 kí ọmọ ilé-ìwé má bàa máa pín àárọ̀ àti ọ̀sán mọ́, yàrá ló ṣe pàtàkì, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ká wo Erékùṣù Èkó fúnra rẹ̀, níbi tí ilé ti fún pọ̀ ju ti Kétu lọ. Ní 1972 tí wọ́n parí National Stadium, wọ́n kọ́ Tafawa Balewa Square lé ibi ìje ẹṣin àtijọ́. Pápá Campos tó wà láàárín àdúgbò àwọn Àgùdà ṣì wà ní tirẹ̀, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ dòní. Owó ilẹ̀ kọ́ ló dá ọ̀kan sí tó sì pa èkejì rẹ́; ìpinnu àwọn tó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ ni. Kétu náà pín ilẹ̀ fún ọjà, fún gáréèjì, fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, nítorí pé àwọn tó nílò wọn rí ẹni bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé kò rí ẹni. Torí náà, ní ìrọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ bá yọ lórí òpópónà, ẹnì kan á ké "mọ́tò!", wọ́n á gbé òkúta kúrò, ọkọ̀ á kọjá, wọ́n á sì tún fi ìṣísẹ̀ wọn ẹnu gọ́ọ̀lù náà.