Ṣúnyátà

Ọ̀rọ̀ Sanskrit ni. Òfìfo ni a lè pè é, àmọ́ kì í ṣe òfìfo àpò ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ náà ni àwọn ará Íńdíà fi sọ òdo inú ìṣirò lórúkọ. Nagarjuna, onímọ̀ ẹ̀sìn Búdà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì, ló tú u palẹ̀ jù lọ: kò sí ohun tó dá dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Alápòtì. Ẹ mú yanrìn kúrò, ẹ mú sìmẹ́ńtì àti omi kúrò, ẹ mú ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n kúrò. Búlọ́ọ̀kù wo ló kù? Síbẹ̀, òun la fi ń kọ́lé.

Jacques Derrida, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé tí wọ́n bí ní Àlgéríà ní 1930, gba ọ̀nà mìíràn dé tòsí èrò Nagarjuna yìí. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í dá ní ìtumọ̀. Ìyàtọ̀ òun àti àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ló ń fún un nítumọ̀. Àwa tí ń pe igbá, igba àti ìgbà kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Ọ̀mọ̀wé Robert Magliola fi Nagarjuna àti Derrida wéra nínú ìwé kan ní 1984.

Àfiwé náà dùn, àmọ́ n kò gbà pé ọgbọọgba ni wọ́n. Nagarjuna ń wá bí ènìyàn yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìyà: ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ṣófo kò ní rọ̀ mọ́ ọn jù. Ìwé ni Derrida ń tú wò (ó sì mọ̀ ọ́n tú), kò ṣèlérí ìtura fún ẹnikẹ́ni.