Àrùn Mẹ́dọ̀wú B Láàárín Àwọn Tí A Ń Fi Ẹ̀rọ Fọ Ẹ̀jẹ̀ Wọn

Àrùn mẹ́dọ̀wú B, tí kòkòrò rẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tí ó sì lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lára irinṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, bí ojú kò tilẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ náà, jẹ́ ọ̀tá ńlá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Royal Infirmary ti Edinburgh, ní ọdún 1969 sí 1970, ó bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá ìfọ̀jẹ̀, àti aláìsàn tó dùbúlẹ̀ àti olùtọ́jú tó dúró tì í ni ikú mú lọ, ọ̀ràn tó ṣeni láàánú gidigidi.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: kí aláìsàn tó dé ìdí ẹ̀rọ ni a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹni tí kò bá sì ní ààbò lára, oṣooṣù ni a ń tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí àrùn bá wà lára rẹ̀ a ní yàrá tirẹ̀ àti ẹ̀rọ tirẹ̀.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò. Ó sàn kí a gún abẹ́rẹ́ àjẹsára kí kíndìnrín tó bàjẹ́ tán, nítorí lẹ́yìn náà kì í tètè mú lára mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fún àgbàlagbà tó wà nídìí ẹ̀rọ ní máíkírógíráàmù 40, ó kéré tán ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn, ní ìgbà 3 tàbí 4 láàárín oṣù 6. Lẹ́yìn oṣù kan sí méjì, a ó wọn ààbò náà. Bí kò bá tó 10 mIU/mL, a ó tún gún un, ọdọọdún ni a ó sì máa wọ̀n ọ́n.