Ìbò Ọgbọ́n

Ìbò ọgbọ́n ni kí olùdìbò fi ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ sílẹ̀, kí ó sì dìbò fún ẹlòmíràn tó lágbára láti borí ẹni tí kò fẹ́ rárá. Ó wọ́pọ̀ níbi tí ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ti ń wọlé, ì báà má tó ìdajì. Níbi ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, ní ìpínlẹ̀ Florida, George W. Bush fi ìbò 537 péré ṣíwájú Al Gore. Ralph Nader, tí kò sí ẹni tó rò pé yóò wọlé, gbà ju 97,000 lọ. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn kì bá tí dìbò rárá. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn bá ti dìbò fún Gore, èsì ì bá yí padà.

Síbẹ̀, ìmọ̀ràn pé kí a máa dìbò báyìí dúró lórí pé a mọ ẹni tí kò lè wọlé, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń yẹ̀. Níbi ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ ló fojú kéré ẹgbẹ́ òṣèlú Labour. Peter Obi, olùdíje ẹgbẹ́ náà, sì fi ìbò 582,454 borí Bọ́lá Tinúbú, tó ní 572,606, ní Èkó tí Tinúbú ti ṣe gómìnà. Wọ́n lè fèsì pé Tinúbú náà ló ṣì di ààrẹ, pẹ̀lú ìbò 8,794,726 tí kò tó ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Atiku Abubakar, olùdíje mìíràn, àti Obi ló pín ìbò alátakò, ta ni ì bá sì sọ ṣáájú èwo nínú wọn ló yẹ kó yọwọ́?