Ìtàn CA 125 àti ìtumọ̀ « marqueur » ní èdè Yorùbá

Ní Parakou, èmi ni ògbufọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́dọ̀ dókítà tó ń sọ Faransé. Wọ́n ti rí kókó nínú ilé-ẹyin rẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé CA 125 rẹ̀ ju 35 lọ. Dókítà pè é ní « marqueur tumoral ». Mo túmọ̀ rẹ̀ sí "àmì jẹjẹrẹ". Kí a tó délé, Màmá ti ń sọ ẹni tí yóò jogún aṣọ rẹ̀. Dókítà kò sọ pé jẹjẹrẹ ni. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ní 1981, Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ròyìn èròjà kan, OC 125, tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ilé-ẹyin. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ni wọ́n pè ní CA 125. Ní 1983, wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ju 35 lọ lára ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn 101 tó ní jẹjẹrẹ náà. Lára àwọn 143 tí àrùn wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ìdá 6 ni. Lára àwọn 888 tí ara wọn dá, ìdá 1.

Lẹ́yìn náà ni ó hàn kedere pé nǹkan oṣù, oyún, iju, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú ikùn lè gbé e sókè. Jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè má gbé e sókè rárá. Nítorí náà, ní 1990, Ian Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London fi máàkì àwòrán échographie àti ti nǹkan oṣù sọ ọ́ di púpọ̀. Bí CA 125 bá jẹ́ 60, obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, tí máàkì àwòrán rẹ̀ jẹ́ 1, ní 60. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tí máàkì àwòrán rẹ̀ jẹ́ 3, ní 540. Iye tó bá ju 200 lọ ni wọ́n kà sí ewu ńlá.

Àwa onímọ̀ èdè mọ irú èyí. Atọ́ka ni "ń" nínú "Ó ń ta ẹja", ṣùgbọ́n ṣé ó ń tà á lọ́wọ́ ni, àbí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń sọ. Nítorí náà, "atọ́ka tí a kì í dá kà" ni mo ń pe « marqueur » báyìí.

Iṣẹ́ abẹ fi hàn pé kókó Màmá kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ, ìtumọ̀ mi ì bá ṣì jẹ́ àṣìṣe.