Bí Iṣẹ́ Dókítà Ẹran Ṣe Di Iṣẹ́ Oníwèé-Àṣẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin." Òwe yìí tu ni nínú púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kọ́ wa pé nígbà tí àrùn bá wọ agbo ẹran, ènìyàn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dìde. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti ìdí tí òfin kò fi gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe é láìní ìwé-àṣẹ.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn darandaran ti mọ ewé àti egbò tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran wọn. Ìmọ̀ wọn kì í ṣe ohun àbùkù. Ṣùgbọ́n bí àrùn tí a ń pè ní rinderpest bá jà, kò sí àgbo tí ó ràn án. A máa gbá odidi agbo màlúù lọ. Irú àjàkálẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí Claude Bourgelat dá ilé-ẹ̀kọ́ dókítà ẹran sílẹ̀ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1761 ni ọba fi àṣẹ sí i. Ní 1762 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ ní 1791. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò tó, nítorí ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ ṣì lè pe ara rẹ̀ ní dókítà ẹran. Òfin ọdún 1881 ni ó ká wọn lọ́wọ́ kò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni ó lè jẹ́ orúkọ oyè náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni àrùn kan náà jà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Màlúù kú bẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ Fúlàní tí ó jẹ́ ọlọ́rọ̀ di aláìní. Ní 1924, a dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos, láti gbógun ti àrùn náà. Nígbà náà, ọmọ Nàìjíríà tí ó bá fẹ́ di dókítà ẹran ní láti lọ sí òkè-òkun. Láàrin ọdún 1960 sí 1970 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Zaria bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ní 1969, òfin wa fi ìdí Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso àwọn dókítà ẹran múlẹ̀.

Ní 1962, Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ yí Adágún Chad ká bẹ̀rẹ̀ sí í fún màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí a dẹwọ́, àrùn náà padà wá gbóná janjan ní 1983. A tún dìde sí i, títí tí gbogbo àgbáyé fi kéde ní 2011 pé ó ti parẹ́. Lẹ́yìn ṣànpọ̀nná, òun ni àrùn kejì tí ọmọ ènìyàn tíì pa run.

Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà nìyí. Yóò yege ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàólọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Yóò ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé. Yóò sì lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì. Yóò kọ́ nípa ẹ̀yà ara ẹran, àrùn, oògùn àti iṣẹ́ abẹ, àti bí a ti ń yẹ ẹran wò ní odò ẹran. Lẹ́yìn oyè, yóò búra, Ìgbìmọ̀ yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó di aláṣẹ.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni ìwé náà. Ẹni tí ó ń gún ẹran ní abẹ́rẹ́ láìmọ̀ lè mú kí oògùn inú ẹran náà di májèlé nínú ọbẹ̀ wa. Ẹni tí kò bá dá dìgbòlugi mọ̀ lára ajá ti fi ẹ̀mí ọmọ aládùúgbò wewu.

Nítorí náà, bí ọmọ kan bá sọ ní kíláàsì pé iṣẹ́ dókítà ẹran wu òun, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ fún un ní ìwé bàólọ́jì, kí ẹ sì sọ ìtàn yìí fún un.