Àwòká Ẹnu

Inú ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pín fún àwọn tó wá tọ́jú ehín ni mo ti rí i: "àwòrán X-ray àyíká ẹnu." Ó dùn mí. Ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti irùngbọ̀n ló wà ní àyíká ẹnu. Inú ẹnu ni ehín wà.

Ehín, àgbọ̀n, egungun, ìwọ̀nyí kò ní wàhálà. Ẹ́síréè náà, ẹ jẹ́ ká máa pè é bí ará ìlú ti ń pè é. Nígbà tí Röntgen, onímọ̀ físíìsì, rí ìtànṣán náà ní Jámánì lọ́dún 1895, àmì ohun tí a kò tíì mọ̀ ni X tó fi sórúkọ rẹ̀. Kí la fẹ́ túmọ̀ níbẹ̀?

Orí irú àwòrán náà ni iṣẹ́ wà. Ehín wa tò, ó tẹ̀ bí ọrun. Yrjö Paatero, oníṣègùn ehín ará Finland, ló wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń yí orí ènìyàn po, tí gbogbo ehín yóò fi hàn pẹrẹsẹ lórí àwòrán kan ṣoṣo. Títẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bí a ti ń tẹ́ ẹní: àwòrán àtẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹní nìkan kọ́ ló ń tẹ́. Ẹni ìtìjú bá, ó tẹ́. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ó tẹ́. Bí a bá tún wá so ẹnu mọ́ àtẹ́, a ti bu ẹnu àtẹ́ lu aláìsàn nìyẹn, àmì ohùn kò sì lè yà wọ́n.

Àwòká ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n fi hun panorama, orúkọ àwòrán yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì: gbogbo, àti ìwò. Wò wà lọ́wọ́ wa. Ká sàn ju gbogbo lọ, nítorí ó kárí ehín, ó sì tún sọ ìrìn ẹ̀rọ náà. Wọ́n lè bi mí pé ṣé ká kọ́ la fi ń ká ẹní, nígbà tó jẹ́ pé títú ni àwòrán yìí ń tú ẹnu? Òun ni. Ṣùgbọ́n wò ló ṣáájú: ohun tó ká là ń wò.

Èyí tó bí mi nínú jù nínú ìwé pélébé náà ni "àwòrán iwin." Bí obìnrin bá gbàgbé yẹtí sétí, yẹtí ọ̀tún yóò tún yọ bàìbàì lápá òsì, lókè díẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé iwin wà lẹ́nu òun? Òjìji ni. Ẹ ní kó bọ́ yẹtí kí ẹ tó ya àwòká.